Òrí Tí Ìyá Mi Fi Pa Gìtá Mi

Òórùn òrí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun. Mo ti wọ yàrá ìyá mi ní Iléṣà, mo ti kúnlẹ̀ ti àpótí dúdú tí mo gbé síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo sì ti ṣí àwọn ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe gbé ọmọrí rẹ̀ sókè báyìí ni òórùn náà tú jáde sí mi lójú, ojúlówó òrí, èyí tó máa ń rùn bí ẹ̀pà yíyan tí èéfín díẹ̀ fẹ́ sí. Bí wọ́n bá bí ọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, o mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ìyá rẹ fi pa ọ́ lójú, tó fi pa ọ́ lẹ́sẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́ kí o tó lọ sí iléèwé, tí o bá sì fi máa dé ọ̀hún, eruku ojú ọ̀nà á ti lẹ̀ mọ́ ọ dé orúnkún. Òórùn tó yẹ kó múnú ẹni dùn ni. Lọ́jọ́ náà, àyà mi já ni, nítorí pé ohun tó wà nínú àpótí yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òrí pa.

Jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìwọ tí a jọ ṣe kékeré mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, màá tún padà lọ tì í wò. Wíwọn ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi ní Òṣogbo, ó sì bá irú mi mu, nítorí òní ibí, ọ̀la ọ̀hún ni. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú mi jókòó jẹ́ẹ́ ni gìtá. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni mo ti ń ta á fún àwọn akọrin ìjọ wa, gìtá ògbólógbòó kan tí ọ̀gá akọrin fún mi nígbà tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀. Mo fi í ṣe ìgbéyàwó, mo fi í ṣe ìsìnkú, mo fi í ṣe ìkórè. Ó ti ṣubú lulẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí kò tíì gbà á lọ́wọ́ mi ta rí. Nígbà tí iṣẹ́ wá ń lọ déédéé, mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ ṣe ohun tó wù mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé yìí, kí n ní gìtá tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe fún èmi nìkan.

Bàbá kan wà ní Ẹ̀sà-Òkè tó ń ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ pákó ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn, ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló wá kọjú sí gìtá. Méjì péré ló ń ṣe lọ́dún, bó bá pọ̀ tán ó di mẹ́ta, àwọn olórin sì ń ti Èkó àti Àbújá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ sọ fún mi pé èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tirẹ̀ lọ. Ó wọ́n, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mọ́tò tí mo fẹ́ pààrọ̀ lọ́dún náà, òun náà ni mo ṣì ń wà dòní. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni bàbá náà ń wò. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n ta gìtá tirẹ̀ tó so kọ́ ara ògiri. Ó wo ìka mi, ó wọn àtẹ́lẹwọ́ mi bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn apá ẹni, ó bi mí irú orin tí mo máa ń ta àti ẹni tí mo máa ń ta á fún. Lẹ́yìn náà ló tó ní òun á ṣe é.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró, ìdúró yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ní wa mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí Ẹ̀sà-Òkè, màá ní mo kàn ń kọjá lọ ni, bàbá á sì bi mí pé ibo gan-an ni mò ń kọjá lọ. Mo rí i nígbà tó ń fi páìpù gbígbóná tẹ pákó ọ̀gánwó tó ti fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí pákó náà ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò le rí. Mo rí i nígbà tó fi egungun ìka rẹ̀ kan pákó funfun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilẹ̀ òtútù, tó gbé etí lé e, tó tún fá a díẹ̀, tó tún kàn án. Èyí ni yóò jẹ́ ojú gìtá náà. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pupa fún èéfá ọ̀gánwó, òórùn gọ́ọ̀mù tó ń lẹ pákó pọ̀ a sì máa wọ aṣọ mi dé ilé. Ní ìgbà kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án tí mo yọjú, kò gbójú sókè mọ́. Ó ní: "Bí o bá tún wá kí n tó pè ọ́, màá fi pákó yìí ṣe àpótí ìjókòó."

Ọjọ́ tí mo gbà á, ohun méjì ló sọ fún mi. Ó ní igi kì í tètè mọ̀ pé òun ti di gìtá, pé àfi kí wọ́n máa ta á lójoojúmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ kí ohùn rẹ̀ tó là. Ó tún ní ọyẹ́ ni kí n ṣọ́ra fún, nítorí pé bí ara igi bá gbẹ jù, ó lè sán; kí n máa rẹ fóòmù kékeré sínú omi, kí n fún un, kí n fi sínú àpótí rẹ̀ kí inú ibẹ̀ lè tutù. Ohun méjì ni, ọ̀kan péré ni mo gbọ́.

Mo gbé e dé ilé wa ní Dàda Estate ní Òṣogbo, mo jókòó sí pálọ̀, mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohùn náà fún ọ. Ó nípọn, ó mọ́, kò sì fẹ́ tán. Bí mo ti gbé ọwọ́ kúrò, ó ṣì wà nínú igbá àyà mi. Ìyàwó mi ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, ó dúró, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀. Inú mi dùn dé ibi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo wo ọbẹ̀ tó kán sílẹ̀ yẹn, mo wo bí ó ṣe jìnnà sí gìtá mi tó, mo sì dìde lọ gbé e pamọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ta á, mo ní láti kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ mi, kí n bọ́ bẹ́líìtì kí irin rẹ̀ má baà ha á lẹ́yìn, kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n pa fèrèsé dé nítorí eruku. Kí n tó ṣe gbogbo ètò yìí tán, ó ti sú mi, mo sì tún ń ronú pé oòrùn ti ń wọ ibi tí mo fẹ́ jókòó. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, bí a ti máa ń na ọwọ́ sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì fà á sẹ́yìn kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ojú tì wá lápapọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ògbólógbòó gìtá mi ni mò ń gbé lọ sí ìsìn, èyí tuntun a wà nílé nínú àpótí, èmi náà a wà nínú ìsìn, ọkàn mi a wà nílé. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ń wọ yàrá lọ, á ní: "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín o. Ẹ ní kò tiẹ̀ wá bá mi gún ata rí."

Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ní ìsinmi. Mo rò pé ohun tó dára ni yóò fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀, àfi bí ó ṣe di pé òun gan-an ló gba èyí tí mo ní.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ibi iṣẹ́ ní kí n lọ wọn ilẹ̀ kan ní apá Sókótó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìyàwó mi ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wà nílé. Mi ò lè gbé gìtá lọ sí Sókótó, níbi tí ọyẹ́ ti ń la ètè èèyàn sí méjì, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ nínú ilé tó ṣófo. Mo wá gbé e lọ fún ìyá mi.

Ó yẹ kí n rán ọ létí irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ní àdúgbò wa ní Iléṣà, òun ni wọ́n máa ń pè bí obìnrin bá bímọ. Kì í ṣe agbẹ̀bí, wíwẹ ọmọ tuntun ni tirẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí i lójúgun, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, á fi omi gbígbóná rọra tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, á na apá, á na ẹsẹ̀, á gbé e jù sókè díẹ̀ kí ọmọ má baà di ojo. Lẹ́yìn náà ni òrí á kàn, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn kan wà tó wẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n ti di ìyá ọmọ, tí wọ́n sì tún ń gbé ọmọ tiwọn wá. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju ọṣẹ tàbí iṣu lọ. Ìyá Awẹmọ ni wọ́n ń pè é láti òpópónà kan dé èkejì, orúkọ náà sì wù ú ju orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ.

Obìnrin yìí ni mo gbé àpótí kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo ń ka òfin fún. Ẹ má gbé e sún mọ́ ààrò. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn kàn án. Mo fi fóòmù kékeré hàn án, mo ní: "Màmá, ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, ó máa sán. Ẹ ṣáà máa bá mi wò ó."

Ó ní: "Fọkàn balẹ̀. Màá bá ọ wò ó dáadáa."

Ojoojúmọ́ ni mo ń pè é láti Sókótó. Bí ó bá ti gbé fóònù, á bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá mo rí aṣọ tó nípọn bora, èmi á sì dá a lóhùn pé gìtá ńkọ́. Ó ní ó wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó sọ fún mi pé ọyẹ́ ọdún yìí le, pé gìgísẹ̀ òun ti sán. Mo ní ṣé fóòmù náà ṣì tutù. Mi ò bèèrè gìgísẹ̀. Ìsinsìnyí tí mò ń sọ ọ́ fún ọ ni mo tó mọ̀ pé mi ò bèèrè rẹ̀ rí.

Wàyí o, bí mo ti ń bọ̀ láti Sókótó, mi ò dúró ní Òṣogbo, Iléṣà ni mo lọ tààrà. Ọ̀sán ni. Mo ń gbọ́ dídún odó ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo kí i láti ẹnu ọ̀nà, mo sì wọ yàrá lọ bá àpótí. Òórùn yẹn ni mo wá gbọ́. Gìtá náà ń dán. Ojú rẹ̀ funfun tí bàbá Ẹ̀sà-Òkè fá tó fi etí gbọ́ ń dán bí iwájú orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ń yọ̀. Lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo rí òrí tó ti dì wínniwínni. Mo gbé e, mo ta á. Ó dún bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu.

Ìyá mi ti wọlé tẹ̀lé mi, iyán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé mo máa yìn ín ni. Ó ní fóòmù mi kò tó nǹkan, pé bí òun bá rẹ ẹ́ lówùúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ. "Omi kì í bá ọyẹ́ jà, ọmọ mi. Òrí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lèmi ń pa á fún un."

Mo mọ ohun tí mo sọ. Mo lè kà á fún ọ láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, bó ti wù mí kí n gbàgbé tó. Mo ní: "Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Igi ni, Màmá, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ yín yìí, kò sí ohun tí kò lè bà jẹ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iyán funfun wà láàárín ìka rẹ̀. Ó rọra fi ìró rẹ̀ nù wọ́n, èkíní, lẹ́yìn náà èkejì, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní: "Wá jẹun. Mo ti gún uyán." Mo ní ebi kò pa mí. Mo pa àpótí dé, mo gbé e sínú mọ́tò, mo lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gún iyán dè.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì rí bí ẹni tó gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé nítòsí ìyá wa, pè mí lórí fóònù. Ó ní ọmọbìnrin ilé kejì bímọ, wọ́n wá pe Màmá kó wá wẹ ọmọ náà bí ó ti máa ń ṣe, Màmá sì ní kí wọ́n lọ wá ẹlòmíì. Wọ́n rò pé ara rẹ̀ kò yá ni. Màmá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ òun ti ń ba nǹkan jẹ́.

Àbúrò mi ní: "Bùọ̀dá, kí lẹ sọ fún Màmá?"

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan. Irọ́ ni, àbúrò mi sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní mo wà níbi iṣẹ́, mo pa fóònù. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwọ̀n tí mo wọ̀n kò bá ara mu. Mo wọn ilẹ̀ kan nígbà mẹ́ta, mo rí iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ mú. Ó yẹ kí n wa mọ́tò lọ sí Iléṣà kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀sà-Òkè ni mo gbà lọ. Màá sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ọ: mo fẹ́ kí bàbá náà sọ pé gìtá ti bàjẹ́ tán. Bí ó bá ti bàjẹ́ tán, a jẹ́ pé mo ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Bàbá náà ṣí àpótí, ó gbọ́ òórùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ta ló wẹ ọmọ fún ọ?" Mo ní ìyá mi ni. Ó tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jù wọ́n nù. Ó fi nǹkan díẹ̀ láti inú ìgò kan rẹ aṣọ rírọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí nù ún láti ọrùn wálẹ̀, kò yára. Mo dúró tì í bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ó ní òrí náà kò kọjá fáníìṣì, pé kò wọ ara igi rárá, ara okùn nìkan ló dì mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọrùn gìtá náà sún mọ́ fèrèsé, ó sì ń wo àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú rẹ̀, níbi tí okùn máa ń ha bí wọ́n bá ń ta á. Ó fi èékánná rẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní: "Ìgbà wo lo gbé e lọ?"

Mo ní ó ti ń lọ sí ọdún kan.

"Irin wọ̀nyí ń dán bí ìgbà tí mo kàn wọ́n mọ́ ọn. O kì í ta á." Ó gbé e kalẹ̀ lórí itan rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí o ti gbé e kúrò níbí, ìyá rẹ ló fọwọ́ kàn án jù."

Ó fi okùn tuntun sí i, ó yí wọn títí ohùn wọn fi bá ara mu, ó gbé e fún mi. Ó dún. Ohùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ó nípọn, ó mọ́. Nǹkan kan kò ṣe é. Gbogbo ohun tó gbà kò ju ọ̀sán kan àti okùn mẹ́fà lọ. Bàbá náà ní kí n gbé e wá lọ́dún tó ń bọ̀, pé bí òun kò bá rí ojú ibi tí ìka mi ti jẹ irin yẹn, òun á gbà á lọ́wọ́ mi.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí Iléṣà. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀. Mo sọ fún un pé gìtá kò bàjẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni mo bàjẹ́, pé kó má ṣe ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí. Ó ní: "Dìde, eruku wà nílẹ̀. Mo ti forí jì ọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣé mo lè bí ọ kí n máa bá ọ ṣọ̀tá ni?" Mo gbé gìtá, mo jókòó sórí odó tó dojú dé, mo ta orin ìjọ àtijọ́ kan tó fẹ́ràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Gìtá tó ti wà nílé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó pa lára bí ọmọ, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó ń mi orí, ó ń fi imú kọ orin náà tẹ̀lé mi. Nígbà tí mo parí, mo nà án sí i pé kó gbé e dání, kó gbọ́ bí igi náà ṣe ń gbọ̀n. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Ó ní: "Gbé e dání. Mo ti gbọ́ ọ. Ó dùn."

Mo bi í nípa ọmọ ilé kejì. Ó ní wọ́n ti rí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ òpópónà, pé ọwọ́ ẹni náà dára. Ó sọ ọ́ láìbínú, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀mejì síbòmíì, tí kò lọ. Kò pẹ́ tí wọn kò pè é mọ́. Orúkọ Ìyá Awẹmọ ṣì wà, àmọ́ ó ti di orúkọ lásán.

Èmi wá ń ta gìtá mi lójoojúmọ́, mo sì ń gbé e lọ sí ibi gbogbo. Mo gbé e lọ sí ìsìn, mo fi lé ẹni tí mo fà á sẹ́yìn fún nígbà yẹn lọ́wọ́, mo ní kó ta á títí ó fi tó o. Ó ti ní ojú àpá lẹ́yìn, ibi tí irin bẹ́líìtì ẹnìkan ha á, mo sì wo àpá náà, mo rí i pé kò dùn mí. Ohùn rẹ̀ là sí i gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ti wí. Ẹni tó bá rí mi nígbà yẹn á rò pé mo ti sinmi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ń ta á dáadáa, tí àwọn èèyàn ń yìn mí, mo máa ń rántí ọwọ́ méjì tó wà lábẹ́ ìró ní Iléṣà, ara mi kò sì ní lélẹ̀ mọ́.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi bí ọmọbìnrin fún wa. Ìyá tirẹ̀ ń ṣàìsàn ẹsẹ̀, kò lè rin ìrìn-àjò, nítorí náà ìyá tèmi ló wá sí Dàda Estate láti tọ́jú abiyamọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá, ó se àgbo, ó gbá ilé, ó fọ gbogbo aṣọ. Ní òwúrọ̀ kejì, omi ti lọ́ wọ́rọ́wọ́ nínú báàfù, ọṣẹ àti kànrìnkàn wà nílẹ̀, ìyá mi sì ti jókòó sórí àpótí, ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó mi gbé ọmọ dúró, ó ń retí kó gbà á. Ìyá mi kò nawọ́. Èmi ló ń wò.

Ó ní: "Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ìbínú. Bí ó bá jẹ́ ìbínú ni, ì bá yá mi lára, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó ń bínú. Ó bèèrè ni, bí ọlọ́gbọ́n èèyàn ti ń bèèrè kó tó mú ohun olóhun. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo tẹ́ ẹ sí ìyá mi lójúgun fúnra mi. Ó wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ọmọ sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì sùn bí ẹni tó mu ògì yó.

Mo ti ronú lórí rẹ̀ títí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìdáríjì tó fún mi lórí erùpẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló parí ọ̀rọ̀, nítorí ó dárí jì mí lóòótọ́, kò sì tíì fi í bú mi rí. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Èmi ọmọ rẹ̀, tó kàwé, tó ń fi irinṣẹ́ wọn ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì, sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́, kò sì rí ìdí tí èmi á fi parọ́ fún un. Ó ṣì máa ń wá sọ́dọ̀ wa dáadáa. Kí ó tó ṣí ìkòkò, kí ó tó ká aṣọ, kí ó tó gbé abọ́ kúrò lórí tábìlì nínú ilé mi, á kọ́kọ́ wo ojú mi ná.